Nítorí Ìlà Súwẹ̀

Orúnkún ló gbé ìyá mi wá sọ́dọ̀ mi ní Dópẹ̀mú. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò n'Ìkẹjà ní, "Mama, ẹ má sáré, ẹ má fò." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ta ní ń kìlọ̀ fún ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún pé kó má fò?

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Àgídìngbì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdúró la sì fi ń ṣe é. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta mí nígbà tí mò ń bọ̀ wálé. Kí n tó ṣí géètì ni mo ti ń gbọ́ ariwo.

Màámi ni mo bá láàárín ọgbà, wọ́n ká ìró dé orúnkún, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè. Alhájà onílé wa dúró tì wọ́n, èédú lọ́wọ́. Alhájà yìí ni gbogbo ayálégbé ń sá fún o, òun ni kì í jẹ́ kí ọmọdé gbá bọ́ọ̀lù nínú ọgbà. Òun ló fi èédú fa súwẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí kànga.

"O tẹ ìlà!" Alhájà ló pariwo bẹ́ẹ̀.

"Mi ò tẹ ìlà!"

"O tẹ̀ ẹ́, mo rí ọ!"

"Irọ́ lò ń pa. Ojú rẹ ò ríran mọ́."

Àwọn tó jẹ́ pé "ẹ kú ilé o" àti "ẹ ṣeun mà" ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí Màámi ti dé! Mo la ẹnu, mi ò lè pa á dé.

"Màámi, kí ni dókítà wí?"

Alhájà ló kọjú sí mi. "Wá wò ó. Ṣé kò tẹ ìlà ni?"

Mo ní èmi ò rí nǹkan kan. Ni àwọn méjèèjì bá bínú sí mi.

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò kí ara wọn mọ́. Bí ọ̀kan bá jáde, èkejì á wọlé. Ibi iṣẹ́ ni mo wà tí Alhájà fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Sọ fún màmá ẹ, tó bá ti lè gbà pé òun tẹ ìlà, ọ̀rọ̀ parí." Mo délé, mo jẹ́ iṣẹ́ náà.

"Kí n gba ohun tí mi ò ṣe?" Màámi ní. "Èmi tí mò ń wọ aṣọ funfun lọ sílé Ọlọ́run?"

Mo kúnlẹ̀ fún Alhájà. "Ẹ má bínú mà. Àgbà ni yín."

"Ọ̀rọ̀ àgbà kọ́ nìyí. L'Ágége tí wọ́n bí mi sí, ẹni bá tẹ ìlà, á jáde ni."

Inú bí mi débi pé omi lé sí mi lójú. Èmi tí ọmọ mi wà ní yunifásítì, ìjà súwẹ̀ ni mò ń parí.

Nígbà tó fi máa di Sátidé, orúnkún Màámi ti wú. Mo lọ gbé omi kaná, mo ń to èébú sẹ́nu. Ìgbà tí mo fi máa gbé abọ́ omi wọlé, Alhájà ti jókòó sórí ẹní, ó gbé ẹsẹ̀ Màámi lé itan, ó ń fi òrí pa á.

"Ẹ ṣeun mà," mo ní.

"Má dúpẹ́. Kí ara ẹ̀ tètè yá ni, ká lè parí èyí tó kù. Ó sì tẹ ìlà."

Màámi bú sẹ́rìn-ín.

"Kò sẹ́ni tó máa fo nǹkan kan mọ́ nínú ọgbà yìí!" Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo mọ́ onílé.

Wọ́n wo ara wọn. Màámi fi etí ìró bo ẹnu, èjìká wọn ń mì. Mo gbé omi kalẹ̀, mo jáde.

Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo gbọ́ ohùn Màámi. "Èyí tí wọ́n ń fi òkúta ta ńkọ́? Ìjókòó la fi ń ta ìyẹn."

"Òkúta dà?" Alhájà ní. Ó wá gbé ohùn sókè: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá wa ṣa òkúta wẹ́wẹ́ wá!"

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n tún pè mí.