Ẹ̀rọ Omi Tí Ràsákì Ṣí Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kó tó di pé ẹlòmíràn á bá mi sọ ọ́.

Ọkọ mi Ràsákì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọdún mọ́kànlá ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù láàárín Ìbàdàn àti Ìlọrin kí a tó wá sí Toronto, kò fi ọkọ̀ pa adìẹ kan rí. Ní báyìí, forklift, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè, ló ń wà ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bolton, kì í sì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ìbáà jẹ́ pé yìnyín ń já. Àmọ́ ìwà awakọ̀ ò kúrò lára rẹ̀. Lójú tiẹ̀, ìwé tí èèyàn ń fi han ọlọ́pàá lójú títì ni wọ́n ń pè ní ìnṣọ́ránsì. Tí ọlọ́pàá bá ti rí i, tó ní "ó yá, máa lọ," iṣẹ́ ìwé ti parí nìyẹn.

Nígbà tí a gba ilé tí a ń gbé ní Weston Road, lájà kejìlá, ó wà nínú lease, ìwé àdéhùn ilé tí a buwọ́ lù, pé ayálégbé gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì ní gbogbo ìgbà tó bá fi wà nínú ilé náà. Bí iná tàbí omi bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́, ọrùn rẹ̀ ló wà. Èmi ni mo kà á sókè, Ràsákì ń mi orí. Ó gba ìnṣọ́ránsì náà lórí fóònù, ó fi orúkọ àwa méjèèjì sí i, a fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mánijà ilé. Oṣù kẹsàn-án nìyẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan nínú oṣù karùn-ún, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu lífítì pé àwọn máa ti omi láti aago mẹ́wàá títí di aago méjì, páìpù ni wọ́n fẹ́ tún ṣe. Èmi ti lọ síbi iṣẹ́, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ràsákì wà nílé, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ó ṣí ẹ̀rọ omi inú kíṣìnì, omi ò jáde. Ló bá fi omi inú kẹ́tù ṣe é, ló bá lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ẹ gbọ́ o, kò ti ẹ̀rọ náà padà! Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Nílé lọ́hùn-ún, tí omi bá lọ, a máa ń ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ ká lè gbọ́ ìgbà tó bá dé. Ẹ̀fọ́ tí mo kó sínú síǹkì sì ti dí ojú ihò pa.

Omi dé kí aago méjì tó lù. Kò sí ẹni tó wà nílé láti gbọ́ ọ.

Àwọn àgbà ní ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Omi tí ọkọ tèmi dà, ilé Chloe ló bọ́ sí. Chloe ló ń gbé nísàlẹ̀ wa gan-an, dùùrù ló ń kọ́ àwọn ọmọdé nínú ilé rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Nígbà tí mánijà pè mí tí mo sáré dé, Ràsákì ti dé láti mọ́ṣáláṣí, ó ti ti ẹ̀rọ náà, àmọ́ àjà ilé Chloe ti ya, omi ń kán sórí dùùrù. Kò pariwo. Ó kàn jókòó, ó ń sunkún. Ó ní ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì òun ń béèrè nọ́ńbà ìnṣọ́ránsì tiwa.

Mánijà ò sunkún ní tiẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi ìwé ìnṣọ́ránsì yín ránṣẹ́ kí aago márùn-ún tó lù. Tí kò bá sí, ẹ̀yin lẹ máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹ ti rú lease nìyẹn, màá sì gbé yín lọ síwájú ìgbìmọ̀ onílé àti ayálégbé kí wọ́n lé yín jáde."

A gòkè padà. Mo ní, "Bàbá Kaosarah, ẹ bá mi wá ìwé yẹn."

 Ó ní, "Mo ti dá a dúró láti oṣù kejì. Wọ́n ṣáà ti rí i."

Yéè!  Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, "ẹ" ni mo ń pè é. Ọjọ́ yẹn ni mo la orúkọ mọ́ ọn lórí. "Ràsákì! O fẹ́ sọ Kaosarah ọmọ mi di aláìnílé?"

"Ìyá Kaosarah, ṣé o ò rántí pé..."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!"

Ó ṣí fóònù rẹ̀. Ó nà án sí mi. Ìwé àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó di oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀ kó tó parí. "Ká fi èyí ránṣẹ́," ó ní. "Ta ló máa mọ̀?"

Mi ò ní parọ́, ó wù mí. Ìka mi ti fẹ́ẹ̀ kàn án. Àmọ́ mo rántí Chloe tó máa jókòó ti dùùrù tútù, tó máa máa retí òkú ìwé. Mo ní kí n kọ́kọ́ pe ilé iṣẹ́ náà, bóyá wọ́n ṣì lè ṣàánú wa.

Obìnrin kan gbé e. Ó ní ìnṣọ́ránsì wa ti parí ní oṣù kejì, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mo ní, "Ọkọ mi ló dá a dúró! Orúkọ èmi náà wà níbẹ̀, mi ò sì mọ nǹkan kan!"

"Rárá, màdáámù. Torí pé orúkọ yín wà níbẹ̀ la ṣe fi ìwé ìdádúró náà ránṣẹ́ sí yín kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ buwọ́ lù ú lọ́jọ́ kejìlá oṣù kejì, ní aago kan ọ̀sán kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹ tiẹ̀ kọ 'God bless you' sí i."

 Aago kan ni a máa ń sinmi níbi iṣẹ́. Mo rántí. Mo kà á, ó yé mi, inú mi sì dùn pé mo fẹ́ ọkọ tó mọ owó ṣọ́ ná. Bàtà òtútù ni mo fi owó ìnṣọ́ránsì oṣù yẹn rà fún Kaosarah. Ohun tí Ràsákì fẹ́ sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, tí mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́.  Ilẹ̀ ló ń wò, ojú sì tì mí.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago márùn-ún lù. Mo pa ìwé àtijọ́ yẹn rẹ́ nínú fóònù, a sọ̀ kalẹ̀.

Chloe ṣílẹ̀kùn. Ràsákì ní, "A ò ní ìnṣọ́ránsì. Èmi ni mo jẹ̀bi, ìyàwó mi ò mọ̀ sí i."

Mo ní, "Irọ́ ni. Mo mọ̀. Èmi náà buwọ́ lù ú."

Chloe wo èmi, ó wo ọkọ mi. "Ta ló wá máa tún un ṣe?"

"Àwa ni."

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápò Ràsákì. Mánijà ni. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé e.