Àbá Tí Abẹ́rẹ́ Rán

Ohùn tó kọ́kọ́ mọ̀ láyé ni ti ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin: gbàrà-gbàrà-gbàrà, lẹ́yìn náà kẹ́, tí okùn bá já. Abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ náà ló ń sùn sí lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ariwo yẹn ló san owó iléèwé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí náà ló kọ́ ọ bí a ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń di ìwé ní yàrá ìsàlẹ̀ Ilé Aṣòfin, níbi tí kò sí fèrèsé, tí òórùn gúlúù kì í kúrò lára aṣọ èèyàn. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Èèwọ̀ iṣẹ́ wọn kò ju ẹyọ kan lọ: wọn kì í rán àbá òfin. Píìnì ni wọ́n fi ń há a. Ó dìgbà tí wọ́n bá dìbò, tí àbá di òfin, kí wọ́n tó fi okùn rán an, kí wọ́n fi páálí pupa bò ó. Ẹni tó bá ṣì í rán ni yóò tú u fúnra rẹ̀.

Lọ́dún kan, àbá àtúnṣe báńkì dé. Báńkì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó owó iṣẹ́ abẹ ojú pamọ́ sí ti kógbá sílé. Ojú ọ̀tún ẹ̀gbọ́n náà ti lọ. Dókítà ní bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìṣe iṣẹ́ abẹ, ti òsì náà á lọ. Àbá yìí nìkan ló lè jẹ́ kí àwọn tí owó wọn há rí i gbà.

Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àbúrò mi, ibo ni wọ́n bá a dé?"

"Wọ́n ṣì ń jà, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní kí àpò ìjọba san án. Àwọn alátakò ní kí àwọn báńkì yòókù dá a."

"Ṣé àwọn méjèèjì gbà pé kí wọ́n san án?"

"Wọ́n gbà."

"Kí wá ni wọ́n ń jà lé lórí?"

"Ẹni tí aráàlú máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Sọ fún wọn pé màá dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Màá tún rán ṣòkòtò fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, bí mo bá ṣì ń rí ẹsẹ̀ ṣòkòtò."

Lọ́jọ́ tí Ilé máa lọ ìsinmi, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó ní àwọn àgbà ẹgbẹ́ méjèèjì ti bọwọ́, ó ku ìbò. Abẹ́rẹ́ kò dúró. Ó mú okùn tó dára jù, ó rán àbá náà, ó fi páálí bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́," ìránṣẹ́ náà ní, "ẹ ti ń pín ẹran tó ṣì ń sáré nínú igbó!"

Ọwọ́ Abẹ́rẹ́ kò tíì kúrò lórí páálí nígbà tí ariwo sọ lókè. Àga ṣubú. Ẹsẹ̀ rọ́ gìrì-gìrì kọjá lórí àjà: ẹgbẹ́ kan ti bínú jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fà á, orúkọ ẹni tó máa ṣe alága ìgbìmọ̀. Wọ́n ti Ilé fún oṣù márùn-ún.

Nílé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́wọ́ lé àgbá ẹ̀rọ, ó yí i lẹ́ẹ̀kan péré.

"Páálí tó o fi bò ó, báwo ló ṣe rí?"

"Pupa ni."

"Pupa wo?"

"Bí ti ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé tí ẹ rán fún mi."

"Ìyẹn ò lè sọnù mọ́ mi lójú."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sẹ́lòmíì ní yàrá ìsàlẹ̀. Ó bọ́ páálí. Ó fi orí abẹ́rẹ́ tú okùn náà lójú kọ̀ọ̀kan, kí bébà má baà ya, ó sì ń wé e mọ́ ìka rẹ̀ bó ṣe ń tú u. Lẹ́yìn náà ó há píìnì sí igun àbá náà, ó gbé e lé àwọn ti ọdún tó kọjá tí kò di òfin lórí.