Omi Tí Ìyá Mi Kò Bù Sí Ọṣẹ

Kí wọ́n tó bí mi ni ìyá mi ti ń se ọṣẹ dúdú ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà. Lọ́jọ́ kan tí òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, oníbàárà rẹ̀ kan gbé apẹ̀rẹ̀ ọṣẹ tó rà lọ́wọ́ rẹ̀ padà wá láti Òkè-Àdó, kò fi nǹkan bò ó. Ọṣẹ náà ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, ó ń ṣomi.

"Àlhájà, ẹ má bínú o. Ó dà bíi pé ẹ bu omi là á."

Ìyá mi ní, "Èmi? Wàláhì, mi ò lú omi mọ́jà rí!" Obìnrin náà ò jiyàn, ilẹ̀ ló ń wò. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Alábùlà! Lójú gbogbo agboolé!

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Mo wọlé, mo mú tẹmómítà méjì jáde, mo fi òwú tútù wé ìdí ọ̀kan, mo wá ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ méjèèjì.

Mo ní, "Ẹ wò ó, omi tí afẹ́fẹ́ lè gbà níwọ̀n. Tó bá ṣì láyè, òwú á máa gbẹ, tẹmómítà rẹ̀ á tutù wálẹ̀ gan-an. Tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, méjèèjì ò ní jìnnà síra wọn."

Èyí tó gbẹ wà ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, olówùú wà ní mẹ́rìnlélógún. Mo yẹ ìwé ìṣirò wò: ká ní ọgọ́rùn-ún ni omi tí afẹ́fẹ́ lè gbà, ó ti gba márùndínláàádọ́rùn-ún. Ọṣẹ dúdú sì rèé, eérú inú rẹ̀ a máa fa omi. Obìnrin náà wá gbé e kalẹ̀ láìbò ó!

"Afẹ́fẹ́ ló bu omi là á, ẹ̀yin ìyá!"

Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó bẹ ìyá mi dáadáa, ó gba òmíràn tí a fi ọ̀rá wé, ó lọ. Inú mi dùn kọjá ààlà. Mo yíjú sí ìyá mi, mo ń retí àdúrà.

Ó ní, "O ṣeun. Àmọ́ ká ní nǹkan yẹn sọ pé afẹ́fẹ́ gbẹ ńkọ́?"

Mo ń tú òwú kúrò lára tẹmómítà.

"Ọjà ló pa èmi àti obìnrin yẹn pọ̀. Ìwọ tí o mu ọmú mi ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀, nítorí pé kí n tó wọlé lọ mú tẹmómítà, èmi náà ti rò ó pé bóyá ó bu omi là á lóòótọ́.