Ìwé Tí Màmá Mi Kò Tẹ̀ka Sí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi náà ń tò sídìí ẹ̀rọ omi ní Agége, yàrá Alhaji onílé wa nìkan ni tẹlifíṣọ̀n wà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a ó ti fọ abọ́, a ó ti pọn omi kún dúróòmù, kí wọ́n má baà fi eré ilé ẹjọ́ tí wọ́n máa ń ṣe lórí rẹ̀ dù wá. Ọmọ tó bá sọ̀rọ̀ nígbà tí adájọ́ ń sọ̀rọ̀, Alhaji á ní kó kúnlẹ̀, kó kọjú sí ògiri, kó nawọ́ sókè. Mo mọ ògiri yẹn dáadáa.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró níwájú adájọ́ inú eré náà. Ọlọ́pàá ní ó ti jẹ́wọ́ olè, ó tilẹ̀ tẹ̀ka síwèé. Lọ́yà rẹ̀ dìde, ó ní kó ka ìwé ọ̀hún sókè. Kò lè kà á. Gbogbo wa pariwo. Màmá mi nìkan ni kò pariwo. Wọ́n kàn ń wo àtàǹpàkò wọn.

Iléeṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà ni Màmá ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba, ètò SAP tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n ti wọlé, gàrí tí à ń fi ẹ̀pà mu ti di èyí tí à ń fi iyọ̀ mu. Bí Màmá bá ti ibi iṣẹ́ dé, àwa ọmọ á máa fa òórùn bisikíìtì tó wà lára ìborùn wọn símú bí ẹni ń jẹun.

Kò pẹ́ lẹ́yìn eré yẹn ni páálí bisikíìtì mẹ́ta di àwátì níbi iṣẹ́. Ọ̀gá wọn gbé ìwé kan fún Màmá.

“Ìyá Ṣadé, ẹ tẹ̀ka síbí. A kàn fẹ́ mọ̀ pé ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni.”

Màmá ní àwọn á kọ́kọ́ gbé e lọ sílé. Inú bí ọ̀gá náà. “Ẹ gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má wá mọ́.”

Èmi ni mo kà á fún wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kíláàsì karùn-ún ni mo wà, òyìnbó ibẹ̀ sì le. Mo ń já a lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé ibi tó ti sọ pé, “Èmi ni mo jí àwọn páálí náà.”

“Tún un kà,” ni Màmá wí. Mo tún un kà. Wọ́n dìde, wọ́n lọ ro ọkà.

Láàárọ̀, wọ́n mú mi dání lọ sí Ìkẹjà. Níwájú ọ̀gá náà àti àwọn obìnrin tó ń wọṣẹ́, wọ́n ní kí n kà á, kí n sì fi Yorùbá túmọ̀ rẹ̀. Mo kà á, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin kan bú sẹ́kún: ó ti tẹ̀ka sí irú rẹ̀ lánàá.

“Ọ̀gá, ẹ ní mo jalè,” ni Màmá wí. “Ta ló rí mi? Ẹ pè é kó wá. Ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ yín, èmi ni mo ni orúkọ mi.”

Wọ́n lé Màmá lẹ́nu iṣẹ́ lóòótọ́. Oṣù mẹ́rin gbáko la fi fún ìgbànú mọ́ ìdí kí Màmá tó ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rán àpò. Ṣùgbọ́n Màmá kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n lólè.

Lóde òní, orí fóònù ni àwọn ọmọ mi ti ń wo eré, kálukú ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀. Wọ́n ní ayé ti là. Síbẹ̀, mò ń rí àwọn tó kàwé jù mí lọ tí wọ́n ń fọwọ́ sí ohun tí wọn kò kà, nítorí pé ọ̀gá ní kí wọ́n yára. Èmi kọ́. Bí ọ̀gá bá dúró lé mi lórí, màá fara balẹ̀ jókòó, màá kà á dé ìlà ìkẹyìn. Kó máa bínú lọ.