Àpáta tí Wọ́n Fọwọ́ Tẹ̀ Sísàlẹ̀

Òórùn èéfín jẹnẹrétọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kékeré tí mo ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ibùdó rélùwéè l'Ọ̀fà, láyé ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ohun tí àwọn èèyàn ń wá wò. Omi abẹ́ ilẹ̀ là ń bá àwọn ìlú wá. Èmi àti obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, tó mọ kọ̀ǹpútà lò jù mí lọ, la gun ọ̀kadà lọ sí abúlé kan lọ́nà Ìjàgbò. A kan irin mọ́lẹ̀ káàkiri, a fi iná bátìrì sí i lára láti mọ bí àpáta ṣe jìn tó.

A padà dé ọ́fíìsì, ẹlẹgbẹ́ mi kó àwọn nọ́ńbà tí a wọ̀n níbẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ṣé o mọ aṣọ tútù tí wọ́n dà bo iṣu? O ò rí iṣu, àmọ́ o rí gbogbo kókó àti kòtò ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe ta àwòrán kan bí awọ sójú rẹ̀, tí awọ ọ̀hún ń sún, tó ń rọ̀, títí tó fi lẹ̀ mọ́ ohun tí a wọ̀n. Ibi tó bá ti rì, àpáta jìn níbẹ̀, omi lè dúró síbẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló rì sí. Inú mi dùn, torí odò tí àwọn ìyá abúlé náà ti ń pọnmi ti ń gbẹ.

Ọ̀gá wa wọlé, ó wò ó, ó yọ ṣùtì. "Ẹ fa kòtò yẹn wá sí àgbàlá Alhaji." Ọlọ́rọ̀ abúlé náà ni Alhaji, ọ̀rẹ́ ọ̀gá wa sì ni.

"Ọ̀gá, nọ́ńbà ò gbé e débẹ̀," ẹlẹgbẹ́ mi fèsì.

"Ṣé nọ́ńbà ló gbà yín síṣẹ́ ni, Màdáàmù?"

Ó fúnra rẹ̀ jókòó. Èèyàn lè fọwọ́ ti awọ náà díẹ̀ kó lè tètè débi tó ń lọ, àmọ́ nọ́ńbà ló yẹ kó parí ọ̀rọ̀. Ọ̀gá gba agbára lọ́wọ́ nọ́ńbà pátápátá, ó ní kí kọ̀ǹpútà má kà wọ́n sí mọ́. Awọ sì rì sábẹ́ àgbàlá Alhaji wẹ́rẹ́, bí ẹni pé Ọlọ́run ló dá kòtò síbẹ̀. Ìwà ìkà gbáà!

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ àgbàlá náà, eruku funfun lẹ̀rọ ń tú jáde, kò sí omi. Ìyá àgbà kan gbé garawa òfìfo dání. "Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ṣé ẹfun la ní kẹ́ ẹ wá wà fún wa ni?"

Ọ̀gá ò tijú. "Màmá, kọ̀ǹpútà ló tàn wá."

"Ẹ̀yin lẹ tàn án, sà," ni ẹlẹgbẹ́ mi wí, lójú gbogbo èèyàn.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọ̀gá ti lé ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ lọ, wọn ò sì gbé e padà wá. Àwọn ìyá yẹn ṣì ń forí gbé omi ẹlẹ́rẹ̀ nígbà tí èmi náà fi kúrò níbẹ̀.

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni ní báńkì tàbí ọsibítù bá ní, "Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀," mo máa ń sún mọ́ tábìlì rẹ̀. Orúkọ ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ni mo máa ń bèèrè, mi ò sì ní kúrò níwájú wọn àfi tí wọ́n bá dárúkọ ẹni náà.