Ẹni Tó Máa Ń La Kẹ̀kẹ́ Mọ́lẹ̀

Bí irin bá ró mọ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo máa ń rántí. Kò ní ra kẹ̀kẹ́ kan lọ́jà Yantala láì kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀: "Èyí tó bá máa fọ́, kó fọ́ lójú ọlọ́jà."

Nígbà tó fẹ́ ra tèmi, mo mú èyí tí táyà rẹ̀ dán, torí títì ọlọ́dà ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ ní Plateau. Ó là á mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ náà wọ́.

"Kai! Wèrè!" Ọlọ́jà kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tu ẹ̀jẹ̀ àti eyín kan dànù, ó nàka sí kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ ní kókó.

"Títì ló máa gbé ẹ dé Plateau. Iyanrìn àdúgbò wa ló máa gbé ẹ délé."

Ó kú láìní eyín yẹn. Èmi ò tíì ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ tó mú fún mi.