Kẹ̀kẹ́ Tí Bàbá Mi Ń Fẹ̀yìn Tì

Bàbá mi kì í lè jókòó sójú kan. Bí wọ́n bá ń jẹun, wọ́n á dìde lẹ́ẹ̀mejì lọ wo ẹnu ọ̀nà. Ọláńrewájú Ògúntúndé ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Daddy Débọ́lá ni wọ́n ń pè wọ́n ní àdúgbò wa ní Ìkòsì, torí èmi ni àkọ́bí wọn. Máṣíìnì ìránṣọ ni wọ́n ń tún ṣe. Wọn ò ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á de àpótí irinṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n á máa ti ọ̀dọ̀ télọ̀ kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, láti Ketu títí dé Alápẹ̀rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó kọjá, ẹ̀yìn wọn dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n má gun kẹ̀kẹ́ mọ́, pé bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀ ló ń pa wọ́n lára. Wọ́n gbìyànjú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ṣùgbọ́n gbogbo kòtò ọ̀nà ló ń wọ inú ìbàdí wọn lọ. Ni wọ́n bá dúró sílé. Ká sọ òótọ́, wọn ò dúró. Láti ẹnu géètì dé ibi kànga, láti ibi kànga dé ẹnu géètì, ni wọ́n ń rìn, tí fóònù ń dún lápò wọn. Télọ̀ kan ní abẹ́rẹ́ òun ń ṣẹ́, òmíràn ní òwú òun ń já.

Màmá mi ní, "Daddy Débọ́lá, ẹ ó dá ilẹ̀ yìí lu o."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n wọn, Uncle Adéṣẹ́gun, ti pè láti Ìjẹ̀bú-Igbó pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá gbé wọn lọ sílé. "Wá jókòó sí ìta ilé mi kí o sinmi. Èkó ti tó." Bàbá mi ò lè kọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn, àfi tí iṣẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó pé.

Ṣàràfá tó ń ṣe wẹ́dà ní òpópónà wa ló fi fídíò kan hàn wọ́n. Ọkùnrin kan fẹ̀yìn tì lórí kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó wà lórí àga ìnàyìn, pẹ́dà wà níwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ. Wọ́n ní àwọn tí ẹ̀yìn tàbí oríkèé ń dùn ló ń gun irú rẹ̀. Bàbá mi wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Ọ̀gá, ṣé kẹ̀kẹ́ la fẹ́ ṣe àbí bẹ́ẹ̀dì?" Ṣàràfá bèèrè.

"Ṣe èyí tó máa rìn."

Kẹ̀kẹ́ àlòkù méjì ni wọ́n tú, wọ́n so ṣéènì méjì pọ̀, wọ́n jó ìjókòó bọ́ọ̀sì kan mọ́ ọn, wọ́n sì fún un ní táyà mẹ́ta kó má baà ṣubú. Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé náà ló parí, bàbá mi sì gùn ún jáde. Àwọn ọmọdé sáré tẹ̀lé wọn, wọ́n ń pariwo pé Daddy Débọ́lá ń sùn lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí bàbá mi padà dé, wọ́n ní, "Kò dùn mí." Wọ́n tún un sọ bí ẹni tí kò gba ara rẹ̀ gbọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n lọ sọ́dọ̀ Mummy Levi ní Alápẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń rán yunifọ́ọ̀mù. Mẹ́rin nínú máṣíìnì wọn ló ti kú, ilé ìwé sì fẹ́ wọlé. Bàbá Mummy Levi, Bàbá Oyèṣọlá, máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Tẹ́lẹ̀, bàbá mi á sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á dọ̀bálẹ̀. Lọ́jọ́ yìí wọn ò lè yára dìde. Orí nìkan ni wọ́n tẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì sì nà sí àyà arúgbó náà.

"Ta ló na ẹsẹ̀ sí mi yìí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ọláńrewájú alátùn-únṣe máṣíìnì."

"Ọláńrewájú tí mo mọ̀ máa ń sọ̀kalẹ̀. Ìwọ dùbúlẹ̀ kí mi. Máa lọ."

Mummy Levi ò lè gba ẹnu bàbá wọn sọ̀rọ̀. Bàbá mi padà sílé. Màmá mi ní kí wọ́n lọ ṣàlàyé pé ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n.

"Kí n tún jókòó máa ṣàlàyé? Ìjókòó yẹn gan-an ni wọ́n ń bínú sí."

Sátidé dé. Aago méje ò tíì lù tí bàbá mi fi jáde lọ sí Alápẹ̀rẹ̀. Màmá mi fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé wọn. Ẹnu màmá mi ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, bàbá mi dúró ní kọ̀rọ̀, wọ́n di ògiri mú, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ náà dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ó dáa. Dìde," ni Bàbá Oyèṣọlá wí.

Bàbá mi ò dìde.

"Mo ní mo ti gbọ́. Dìde."

"Mi ò lè dìde mọ́, Bàbá. Ẹ̀yìn mi ti há."

Bàbá Oyèṣọlá, tí orúnkún ń dà láàmú, dìde lórí àga. Àwọn àti màmá mi pẹ̀lú télọ̀ méjì ló gbé bàbá mi nílẹ̀. Bàbá mi ò lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àfi ìgbà tí wọ́n gbé wọn sórí kẹ̀kẹ́ náà ni ojú wọn tó rọ̀.

Arúgbó náà yí kẹ̀kẹ́ náà po. "Orí nǹkan yìí nìkan ni kì í ti í dùn ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Orúnkún ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó dára fún orúnkún."

"Dìde níbẹ̀."

"Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni."

Àwọn télọ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀yìn náà tú díẹ̀, bàbá mi wọlé lọ bá àwọn máṣíìnì.

Ní aago mọ́kànlá, Uncle Adéṣẹ́gun dé ilé wa. Mo fún wọn lómi. Wọ́n pe bàbá mi lórí fóònù, mo sì ń gbọ́ ohùn méjèèjì.

"Ọláńrewájú, mo ti dé. Níbo lo wà?"

"Mo wà níbi iṣẹ́. Méjì ti ń ránṣọ, ó ku méjì."

"Máa bọ̀ nílé kíákíá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá kan wà lórí kẹ̀kẹ́ mi. Wọ́n ti lọ dé títì lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò tíì fẹ́ sọ̀kalẹ̀."

Uncle Adéṣẹ́gun dúró títí di aago mẹ́rin. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ní kí n kí bàbá mi, wọ́n sì nìkan wa mọ́tò wọn padà lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí bàbá mi wọlé, wọ́n bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n wọn bínú. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n wá ní Mummy Levi ní kí àwọn padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.